Oníduró Ẹni Tó Fẹ́ Para Ẹ̀

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń lọ sí Ìjù, obìnrin kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù ilé-iṣẹ́ ń bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bọ̀dá tó máa ń dá jẹun níṣẹ́ wa fẹ́ para ẹ̀. Ọlọ́run yọ ọ́, àmọ́ ọlọ́pàá ti mú un."

"Kí ló jí?"

"Òfin ò fẹ́ kéèyàn para ẹ̀."

"Ta ló fẹjọ́ ẹ̀ sùn? Òun ló ṣe é, òun náà ni wọ́n ṣe é sí. Kó dárí ji ara ẹ̀, kó máa lọ sílé."

"Wọ́n ní àfi kó ní oníduró. Gbogbo wa la sáré lọ, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà ní káńtà ọlọ́pàá lórí ẹni tó máa dúró fún un."

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wò ó.

"Ẹ pọ̀ tó báyìí, ẹ wá jẹ́ kó máa dá jẹun?"