Ẹyinjú Ọ̀gá Onítáì

Nínú takisí tó ń ti àdúgbò Makepe bọ̀ láàárín ìlú ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ìyá kan tó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ jòjòló dání, àti ọkùnrin onítáì kan, òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba.

"Màmá, òfin pé kí ilé iṣẹ́ ìjọba yé lo jẹnẹrétọ̀ elépo ṣì wà. Wọ́n sún un síwájú ni, ká lè múra."

"Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ sún un, ẹ̀gbọ́n eléyìí ni èéfín jẹnẹrétọ̀ yín ń mú wúkọ́ ní wọ́ọ̀dù. Ó ti wọ iléèwé, àbúrò ló wá ń wúkọ́. Ìyàwó wo ló ń múra tó báyẹn?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

"Fèrèsé ọ́fíìsì tiyín ńkọ́, ọ̀gá?"

"Apá kejì sí jẹnẹrétọ̀ ló wà, Màmá. Atẹ́gùn odò ló ń fẹ́ síbẹ̀."

"Mo kúkú ti mọ̀. Ẹyinjú yín funfun báláú."