Ọwọ́ Mi Tó Jóná àti Ọ̀tá Tí Kò Sí Níbẹ̀

Ẹ bá mi kí Jésù pé ó kú iṣẹ́! Ẹ kí I dáadáa, ẹ má kí I bí ẹni tí ebi ń pa. Bàbá Olùṣọ́, ẹ ṣeun tí ẹ fún mi láyè. Ẹ̀yin ará, èmi ni Túndé Wẹ́dà, ọkọ Fúnkẹ́, tí mo máa ń jókòó lẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà yẹn. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń rí mi pẹ̀lú báńdéèjì, tí ẹ ń bi mí pé báwo ni. Òní ni mo fẹ́ sọ bó ṣe jẹ́, tìtìjú-tìtìjú ni mo sì máa sọ ọ́, torí ẹ̀ṣẹ̀ mi wà nínú rẹ̀.

Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ni wọ́n ń kọ́ lọ́nà Ìdógò, àwa wẹ́dà la sì ń ṣe irin orí ilé náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ wa, ẹ mọ̀ pé rọ́bà ló ń gbé gáàsì láti inú sílíńdà wá sọ́wọ́ ẹni tó ń gé irin. Rọ́bà tiwa ti gbó, ó ti sán. Dípò ká pààrọ̀ rẹ̀, a gé tíúbù kẹ̀kẹ́, a fi wé e, a so ó le. Bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n so nínú wa. A sọ fún súpáfáísọ̀, ó ní ká máa fọgbọ́n lò ó, pé tuntun ń bọ̀. Ìbọ̀wọ́ náà ń bọ̀. Gbogbo nǹkan ló ń bọ̀ ní sáìtì yẹn, kò sí èyí tó dé.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, iná bẹ́ jáde láti ojú ibi tí a so, ó gbá ọwọ́ ọ̀tún mi mú. Ẹ̀yin ará, iná kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni o! Mo ké títí mi ò gbọ́ ohùn ara mi mọ́. Wọ́n fọ́ ẹyin tútù lé e, wọ́n gbé mi sórí ọ̀kadà, ó di ọsibítù ní Ìlaròó.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe rèé. Súpáfáísọ̀ wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìwé, ó ní kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú iná náà, mo ti lá àlá pé àbúrò bàbá mi obìnrin, tí wọ́n ń gbé ní Ẹ̀gùá, bu oúnjẹ fún mi, mo sì jẹ ẹ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí a máa ń sọ nípa oúnjẹ ojú àlá. Mo bá sọ fún ọkùnrin yìí pé kì í ṣe ẹjọ́ iléeṣẹ́ wọn, pé ọwọ́ ayé ló tẹ̀ mí, ọ̀tá ilé bàbá mi ni. Inú rẹ̀ dùn! Ó kọ ọ́ sílẹ̀ kíá, ó ní kí n fi ọwọ́ òsì buwọ́ lù ú. Ó tún gbàdúrà pé Ọlọ́run á ṣẹ́gun wọn. Àmín tirẹ̀ ròkè ju tèmi lọ.

Iléeṣẹ́ tó ń kọ́lé náà sanwó ìtọ́jú mi fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n dáwọ́ dúró. Ojú egbò ń jinná, ṣùgbọ́n bó ṣe ń jinná ló ń fa ìka mi wọnú àtẹ́lẹwọ́. Dókítà ní àfi kí wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ náà á dì bẹ́ẹ̀ títí ayé. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ́dà! Mo gba iléeṣẹ́ wọn lọ. Ìwé tí mo buwọ́ lù ni wọ́n nà sí mi, pé èmi ni mo sọ pé ọ̀tá ni, kí n lọ bá ọ̀tá mi. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́nu géètì wọn, mo sunkún bí ọmọdé.

Mo bá dojú àdúrà kọ àbúrò bàbá mi. Ìyá yìí a sì máa wọ ọ̀kadà láti Ẹ̀gùá wá wò mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á gbé gàárì àti ẹ̀fọ́ dání, wọ́n á bá Fúnkẹ́ fọ aṣọ. Mi ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn mí. Oúnjẹ tí wọ́n sè, mo ní kí wọ́n dà á fún ewúrẹ́. Wọ́n rí i. Wọ́n gbé ìborùn wọn sọ́rùn, wọ́n lọ.

Níbi àdúrà àárọ̀ Ọjọ́rú kan, mo ń pariwo "Kú! Kú!" níwájú pẹpẹ níbí. Màmá Díkónì wa, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà l'Áyétòrò, wá fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Túndé, rọ́bà tó jò yẹn, ta ló so ó?"

"Àwa ni, Mà."

"Ta ló ní kí ẹ ṣì máa lò ó?"

"Súpáfáísọ̀ ni."

"Àbúrò bàbá rẹ ló wá ń ṣe súpáfáísọ̀ níbẹ̀?"

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ojú ń tì mí. Màmá ní òfin wà fún irú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì tẹ̀ lé mi dé ọ́fíìsì ìjọba ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ tó fara pa. Mo na ìwé ọ̀tá yẹn sí obìnrin tó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo ti rò pé ìwé náà ló máa ba tèmi jẹ́. Ó kà á tán, ó gbójú sókè.

"Ẹni yòówù kó rán iná náà, níbo ló ti bá yín?"

Mo ní lẹ́nu iṣẹ́ ni.

"Ìyẹn nìkan ni òfin ń bi yín."

Halelúyà! Ó ní ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú àti owó gbà-má-bínú, kódà bí òun fúnra rẹ̀ bá ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n kó tètè kọ̀wé, kó sì ní ẹlẹ́rìí. Ta ló fẹ́ ṣẹlẹ́rìí, kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Làmídì, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ Mùsùlùmí, tí a jọ ń ṣe wẹ́dà ní sáìtì náà, ló jáde. Ó kọ orúkọ rẹ̀, ó ròyìn rọ́bà àti tíúbù. Wọ́n lé e lóòótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ó ti ń ṣe géètì àti fèrèsé ní Òkè-Ọ̀dàn báyìí. Ẹni tó bá ń kọ́lé nínú yín, ẹ gbé iṣẹ́ fún un.

Nígbà tí lẹ́tà ìjọba dé iléeṣẹ́ náà, wọ́n gbà láti sanwó iṣẹ́ abẹ náà. Ṣùgbọ́n kí n tó lọ, mo kọ́kọ́ gba Ẹ̀gùá lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún àbúrò bàbá mi, àlá, àdúrà, ewúrẹ́. Wọ́n sunkún. Wọ́n nu ojú wọn, wọ́n ní, "Ṣé o ti jẹun?" Mo ní rárá. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń bu òkèlè bọ́ mi, torí ọwọ́ mi ò lè bu ú.

Ìka mẹ́ta ti ṣí, ẹ wò ó! Méjì yòókù, dókítà ní kí n máa nà wọ́n díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ irin, rọ́bà tó bá ti sán, ẹ má so ó mọ́. Bí nǹkan bá sì ṣe yín, ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ìwà òmùgọ̀ mi pa mí, Òun nìkan ni ògo yẹ. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbìyànjú láti pàtẹ́wọ́ fún Un, kò tíì dún. Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín dá ṣáṣá, ẹ dìde, ẹ bá mi pa á!