Ọjọ́ Tí Mo Fi Sínú Ìwé Ìbúra Màmá Kavitha

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má tíì bú mi títí ẹ ó fi kà á tán. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ohun kan ti wà lọ́kàn mi. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa. Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé obìnrin tí mo ṣẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe, nítòsí kóòtù kan ní Yaba. Ẹni tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sọnù, ẹni tó fẹ́ yí orúkọ padà, ẹni tí kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń wá. Àwa la máa tẹ ìwé ìbúra, wọ́n á gbé e wọlé, akọ̀wé kóòtù á lu òǹtẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà wa fún yín, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé kóòtù kì í fẹ́ rí àlàfo nínú ìwé. Bí bàbá kan bá wá tí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, a ò ní dá a padà sílé. A máa bi í pé ṣé ìgbà òjò ni àbí ẹ̀ẹ̀rùn, a máa fojú díwọ̀n ọdún, a ó sì fún un ní ọjọ́ kan. Púpọ̀ nínú àwọn àgbàlagbà Mushin tó ń ṣe ọjọ́ ìbí lónìí, èmi ni mo yan ọjọ́ náà fún wọn. Kò sẹ́ni tó kú sí i. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á máa lọ.

Màmá Kavitha kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Támílì ni wọ́n, láti Sri Lanka. Ọkọ ọmọ wọn obìnrin ń kọ́ni ní ìṣirò ní Surulere, òun àti Kavitha ìyàwó rẹ̀ ló mú wọn wá lẹ́yìn tí ogun ìlú wọn parí. Gbogbo àdúgbò wa ń pè wọ́n ní Mama India. Wọ́n á ní, "Èmi kì í ṣe ará India o." A ó rẹ́rìn-ín, a ó sì tún pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá tẹ ìwé, Kavitha ló mú wọn wá, ṣùgbọ́n ó ní láti padà síbi iṣẹ́, ó bá fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Òyìnbó ni a jọ ń sọ. Wọ́n ní àwọn ọmọ ìlú àwọn tó wà ní London, ní Canada, àti káàkiri, ń kó ẹ̀rí jọ. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ síwájú àjọ àgbáyé, kí wọ́n lè bi ìjọba wọn léèrè ohun tí àwọn sójà ṣe nígbà ogun. Kí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn búra níbi tó bá wà, kó fi ránṣẹ́.

Selvan, ọmọ wọn ọkùnrin, ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Nígbà tí ogun ń parí lọ, àwọn sójà ní kí ẹni tó bá ti bá àwọn tó ń bá ìjọba jà ṣe rí, ìbáà ṣe ọjọ́ kan, jáde wá. Wọ́n ní àwọn á kọ orúkọ rẹ̀, àwọn á dá a padà. Màmá fúnra wọn ló di ọwọ́ ọmọ náà mú lọ bá sójà. Wọ́n rò pé ohun tó dáa ni àwọn ń ṣe. Àwọn sójà kó o sínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú àwọn mìíràn, láti ọjọ́ náà kò sẹ́ni tó rí i mọ́. Yorùbá ní ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ. Mo sọ ọ́ fún wọn, wọ́n ní kí n tún un sọ.

Wọ́n ń sọ, mò ń tẹ̀. Nígbà tó kan ọjọ́, wọ́n ní, "Mi ò mọ ọjọ́. Inú kòtò la ti ń sá pamọ́ fún bọ́ǹbù tipẹ́. Má kọ ọjọ́ kankan."

Mo gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè sọ pé mi ò gbọ́.

Àmọ́ mo mọ akọ̀wé kóòtù wa. Mo mọ̀ pé á da ìwé náà padà, màmá á tún wá lọ́la, oòrùn á tún pa wọ́n. Mo yẹ fóònù mi wò, mo rí ìgbà tí ogun náà parí, mo ka ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, mo fi ọ̀kan síbẹ̀. Mo rò pé àánú wọn ni mo ń ṣe. Wọn ò mú gíláàsì ojú wọn wá. Mo ka ìwé náà sí wọn létí, mo fo ibi tí ọjọ́ wà. Wọ́n wọlé, wọ́n búra, wọ́n fọwọ́ sí i.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, Kavitha dé pẹ̀lú màmá, ojú rẹ̀ le. Àwọn tó ń kó ẹ̀rí jọ ti kọ̀wé padà. Ẹni méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ sọ ọjọ́ mìíràn. Wọ́n ní ní ọjọ́ tí màmá dá yìí, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́, sójà ti kó gbogbo èèyàn lọ. Àwọn tó ń kó ẹ̀rí jọ ní bí àwọn bá gbé irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ síwájú, ìjọba á fi ba ti àwọn yòókù jẹ́. Wọ́n yọ ìwé màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orúkọ Selvan bá a lọ.

Kavitha ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ fi ọjọ́ yìí síbẹ̀? Màmá ní àwọn ò sọ ọjọ́ kankan."

Oníbàárà mẹ́ta ló jókòó tì mí. Akọ̀wé kóòtù ń kọjá lọ. Ẹ̀rù iṣẹ́ mi bà mí. Mo ní, "Háà! Èmi kẹ̀? Ohun tí màmá sọ ni mo tẹ̀. Ẹ wò ó, wọ́n fọwọ́ sí i."

Màmá wo ìwé náà pẹ́. Wọ́n ní, "Bóyá mo sọ ọ́."

Kavitha mí kanlẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ ti ń gbàgbé nǹkan." Ó mú wọn lọ. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi, mo tẹ ìwé ẹni tó kàn.

Ẹ má rò pé mo sunkún. Mi ò sunkún. Inú mi kàn rí bí ẹsẹ̀ tó kú lẹ́yìn ìjókòó pípẹ́, ó sì rí bẹ́ẹ̀ títí dòní. Mò ń rí wọn lójú ọ̀nà, mò ń kí wọn. Kavitha kò jẹ́ kí wọ́n dáná mọ́, ó ní wọ́n á gbàgbé láti pa gáàsì. Bẹ́ẹ̀ màmá yìí kò gbàgbé nǹkan kan nígbà yẹn. Èmi ni mo parọ́.

Ní oṣù tó kọjá, Kavitha sọ fún mi pé àwọn tó ń kó ẹ̀rí jọ fẹ́ tún gbọ́ tẹnu àwọn tí wọ́n yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, lórí fóònù, kí oṣù tí a wà yìí tó parí. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí màmá òun bá wọn sọ̀rọ̀. "Wọ́n á tún da gbogbo ẹ̀ rú, ojú á tún tì wọ́n." Mo ní, "Òótọ́ ni." Ẹ ò gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá nìkan dá wá. Wọ́n ní ọmọ àwọn kò mọ̀ pé àwọn jáde. Wọ́n jókòó, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Orí mi ò pé mọ́. Ìwọ lo gbọ́ ọ̀rọ̀ Selvan lẹ́nu mi nígbà tí orí mi ṣì pé. Jọ̀ọ́, bá mi rántí. Nígbà tí wọ́n mú un wọ bọ́ọ̀sì, ṣé mo sọ fún ẹ pé ó bojú wẹ̀yìn wò mí?"

Wọn ò sọ ọ́. Ìwé náà wà nínú kọ̀ǹpútà mi, mo ti mọ̀ ọ́n sórí. Kò sí níbẹ̀.

Mo la ẹnu láti jẹ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, Ọlọ́run ń gbọ́, ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Mo wo ojú wọn. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ma. Ẹ sọ pé ó bojú wẹ̀yìn."

Wọ́n dì mọ́ mi. Wọ́n fi èdè wọn súre fún mi.

Oṣù ku ọjọ́ mọ́kànlá. Bí mo bá lọ jẹ́wọ́ fún Kavitha, màmá lè tún ẹ̀rí wọn sọ, orúkọ ọmọ náà lè padà sínú ìwé. Ṣùgbọ́n màmá á bi mí bóyá irọ́ ni mo tún pa nígbà tí mo ní wọ́n sọ pé Selvan bojú wẹ̀yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá tó ń kà á, kí ni kí n dá wọn lóhùn?