Oníwáyà Kò Sùn

Ẹ̀yin tí ẹ ra ìwé ogun mi, ẹ dúró ná, ẹ gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó dé ojú ìwé ọgọ́rin. Dókítà ti sọ iye ọ̀sẹ̀ tó kù fún mi, mi ò sì lè gbé èyí wọ sàréè. Irọ́ ló wà lójú ìwé yẹn. Èmi ni mo pa á, mo mọ̀ọ́mọ̀ pa á ni.

Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé Oníwáyà sùn. Oníwáyà là ń pe ọmọkùnrin tó máa ń gba àṣẹ tó bá wọlé lórí wáyà. Mo ní àṣẹ dé pé ká kó àwọn ọmọ ogun wa tó wà ní òdìkejì afárá padà, pé oorun gbé e lọ, kò jíṣẹ́, ọ̀tá sì pa mọ́kànlélógójì nínú wọn. Irọ́ gbuu! Aago mẹ́ta ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló sáré gbé àṣẹ náà wá bá mi, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Ẹ̀dà méjì ló máa ń kọ, tòun ti aago tó jíṣẹ́: ó fún mi ní ọ̀kan, mo fọwọ́ sí èkejì nínú ìwé rẹ̀. Mo wá ki tèmi bọ àpò, mo dákẹ́. Kí ló dé? Mo fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní ọkùnrin tó di afárá mú. Ẹ wo nǹkan tí mo tìtorí ẹ̀ fi ọmọ ọlọ́mọ ṣòfò!

Nígbà tí ìwádìí dé, mo ya ojú ewé tí mo fọwọ́ sí kúrò nínú ìwé rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ fọwọ́ sí i o. Ẹ tiẹ̀ tún bú mi pé bàtà mi kejì dà." Mo ní kó panu mọ́, pé màá bá a tún un ṣe. Àtúnṣe wo? Wọ́n lé e kúrò nínú iṣẹ́ ogun bí ẹni lé ajá. Èmi gbàmì ẹ̀yẹ, mo kọ̀wé, wọ́n ń fi kọ́mọ nílé ẹ̀kọ́. Aráyé ní, "Ẹni tó wà níbẹ̀ ló kọ ọ́, kí la tún ń wá?" Oníwáyà wá kí mi lọ́jọ́ tí ìwé náà jáde. Mo fún un ní ọ̀kan, mo kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé, "Sí ọmọ ogun mi àtàtà." Ojú ò tì mí!

Lóṣù tó kọjá, ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé ìwé náà wá. Ojú ìwé ọgọ́rin ti gbó nítorí àkàtúnkà. Mo rò pé èébú ló bá wá, àfi bó ṣe kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, bàbá mi ti kú. Níbẹ̀rẹ̀ wọ́n ní àwọn jíṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka ìwé yìí títí, wọ́n ní bóyá àwọn sùn lóòótọ́, àwọn ni ò rántí, pé ọ̀gá wà níbẹ̀, ọ̀gá ò sì ní parọ́. Ọdún mẹ́ta tí wọ́n lò kẹ́yìn, ilé ìyá àwọn ọmọ ogun tó kú ni wọ́n ń lọ káàkiri, tí wọ́n ń tọrọ àforíjì. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n sùn?"

Mo lọ yọ ojú ewé tí mo ya jáde lábẹ́ aṣọ nínú àpótí, mo nà án sí i. Ó ka aago tó wà lórí rẹ̀, ó wo ọwọ́ tí mo fi sí i. Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó sì jáde láìdágbére.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ máa ka ìwé àwa tá a ṣíwájú ogun, nítorí a rí ohun tí ẹ ò rí. Ṣùgbọ́n ẹ máa wá àwọn tó bá wa wà níbẹ̀ tí wọn ò kọ̀wé, kí ẹ bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó kú. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun náà ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ti gbé e karí. Tí ẹ bá máa dárí jì mí, ẹ mú bírò, ẹ fa igi lé ojú ìwé ọgọ́rin, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé Oníwáyà kò sùn.