Àdírẹ́sì Tó Ń Kó Kúrò Nílé

Má kí mi, Ẹnjiníà, má kí mi rárá! Jókòó. Ìwọ lo so kọ̀ǹpútà yìí mọ́ wáyà tẹlifóònù fún mi, àbí ẹlòmíì ni? Ìwọ lo tẹ bọ́tìnì, tó ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù, tó wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí nọ́ńbà gígùn kan yọ sójú ẹ̀, tó o ní, "Màámi, àdírẹ́sì ẹ̀rọ yín rèé." Ẹnu ẹ nìyẹn, àbí mo purọ́ mọ́ ẹ?

Àdírẹ́sì! Èmi tí mi ò kàwé kọjá kíláàsì kẹta, ṣebí mo mọ ohun tó ń jẹ́ àdírẹ́sì? Ibi tá a ti bá èèyàn lánàá náà la ó ti bá a lónìí. Ni mo bá da nọ́ńbà yẹn kọ, mo ní kí pẹ́ńtà kùn ún sára pátákó ṣọ́ọ̀bù mi, lábẹ́ nọ́ńbà fóònù. Wò ó níta, ó ń dán yinrin! Mo sì fi í ránṣẹ́ sí bọ̀ọ̀dá mi nílùú òkèèrè, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo tó kù, tí wọ́n wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, owó fóònù òkèèrè ti wọ́n jù, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín tẹ nọ́ńbà yìí sínú kọ̀ǹpútà ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, a ó gbóhùn ara wa."

Kí lo sọ? Ó máa ń yí padà? Gbogbo ìgbà tí láìnì bá já tá a sì tún un pè, nọ́ńbà tuntun nilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ń fún un? Háà! Ta lo sọ ọ́ fún? Ògiri? Òní ni wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là á yé mi, lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá!

Sátidé yẹn, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà kan ilẹ̀kùn títí, mi ò dáhùn. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo ti gbé etí lé ẹ̀rọ yìí. Láìnì já lẹ́ẹ̀mẹta, mo tún un pè lẹ́ẹ̀mẹta bó o ṣe kọ́ mi, inú mi ń dùn pé mo gbọ́n. Èmi tí ẹnikẹ́ni ò lè rẹ́ jẹ lọ́jà! Ṣé ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kó kúrò nílé, tí mò ń sá fún bọ̀ọ̀dá mi? Yéè!

Àná ni ìyàwó wọn pè mí. Ó ní àwọn tẹ nọ́ńbà yẹn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn, ni bọ̀ọ̀dá mi bá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, bóyá ó ń tajà." Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n dákẹ́. Bóyá ó ń tajà! Ohun tí wọ́n bá lọ nípa mi nìyẹn.

Má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Mi ò ní ṣépè. Tí mo bá máa ṣépè, orí ara mi ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Dìde, so ẹ̀rọ yẹn. Ìwọ tó o kàwé, kọ̀wé sí ìyàwó bọ̀ọ̀dá mi, kó o forúkọ ara ẹ sí i. Kọ ọ́ pé nọ́ńbà ló lọ, èmi ò lọ síbì kankan. Kọ ọ́ pé mo jókòó. Kọ ọ́, Ẹnjiníà, kọ ọ́ gàdàgbà: lọ́jọ́ yẹn, mi ò ta nǹkan kan.