Ìwọ́ Tó Ṣì Ń Lù

Àbúrò mi, o ti tún lóyún, o sì ń sọ fún gbogbo ayé pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ nìkan lo máa bímọ sí. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè pa á mọ́ra mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Jẹ́ kí n sọ ọ́ kí àyà mi tó tún já.

O mọ̀ pé ìwọ́ àti ibi ọmọ, dídà nù la máa ń dà á nù níbi iṣẹ́ agbẹ̀bí wa. Ọkùnrin kan wá láti ilé àyẹ̀wò. Oníyìnyín là ń pè é, nítorí àpótí tútù tó máa ń gbé kọ́ èjìká. Ó ní ohun kan wà bí irúgbìn nínú ẹ̀jẹ̀ tó bá kù sínú ìwọ́, tí wọ́n fi ń hu ẹran ara tuntun fún aláìsàn. Ó ní wọ́n ti ń fi tún ojú ṣe. Ojú ọkọ mi sì ń kú lọ nígbà náà. Ó ṣèlérí pé bí mo bá ń gba ẹ̀jẹ̀ náà sínú àpò fún òun, òun á fi ti ọkọ mi ṣíwájú. N kò bi ìyá ọmọ kankan léèrè. Mo ní, ta ló ń tọrọ ààyè kó tó kó ìdọ̀tí? Gbọ́ ẹnu mi ná.

Nígbà tó yá, Oníyìnyín bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn pé àpò mi kì í kún. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní àbí èmi náà ń mu níbẹ̀ ni. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ máa tètè gé e." A kì í tètè gé ìwọ́. A máa ń dúró títí lílù rẹ̀ yóò fi dákẹ́, torí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ló ṣì ń wọlé sí i lára. Mo mọ̀ ọ́n. Mo fi kọ́ àwọn mìíràn. Síbẹ̀ mo ń gé e. Àwọn ọmọ tó lágbára là á já, mo sì ń fi ìyẹn tan ara mi jẹ.

Nígbà tó kàn ọ́, oṣù ọmọ náà kò tíì pé. Ó kéré, ó ń ké bí ọmọ ológbò. Mo di ìwọ́ mú, ó ń lù lábẹ́ ìka mi. O gbórí sókè, o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ní dúró ni? Ẹ̀yin náà lẹ máa ń ní ká dúró."

Mo ní, "Ta ni agbẹ̀bí níbí, èmi àbí ìwọ?"

O rẹ́rìn-ín. Mo gé e.

Àpò kún lọ́jọ́ náà. Ọmọ rẹ funfun bí òwú, kò sì rí ọjọ́ kejì. Wọ́n ní ó kéré jù ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. O dì mọ́ mi, ò ń dúpẹ́ pé mo gbìyànjú.

Ojú ọ̀tún ọkọ mi ti là díẹ̀ báyìí. Ó ń bi mí pé kí ló dé tí n kì í jẹ́ kí òun wo ojú mi. Ohunkóhun tí mo bá sì dì mú, ìbáà ṣe okùn tí a ń sá aṣọ sí, ìbáà ṣe irin ilẹ̀kùn, ó ń lù.

Àbúrò mi, wá agbẹ̀bí mìíràn. Sọ fún un kó dúró. Bí inú rẹ bá gbà á lọ́jọ́ kan, dárí jì mí, ṣùgbọ́n má gbé ọmọ yìí sí mi lọ́wọ́.