Ìwọ̀n Ẹsẹ̀ Ìyá Mi

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mí nígbà tí mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ báyìí, ìyá tí mo ṣẹ̀ sì ti kú. Mo ti rò pé n ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí sàréè ni. Àmọ́ ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu obìnrin kan lóṣù tó kọjá kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Agbowó ni ilé mi wà. Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi kó jáde, ìyá mi wá ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbé e. Ìyá Kúdí, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ojú Ìyá Kúdí ti ṣókùnkùn. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ìyá mi á lọ fà á lọ́wọ́, wọ́n á jọ lọ sí àsálátù. Bí wọ́n bá ń bọ̀, ẹ̀rín wọn ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọkọ mi ti fẹ́ ìyàwó mìíràn ní Challenge. Ìyá mi nìkan ni mo sọ fún. Lọ́jọ́ kan, mo lọ gba aṣọ lọ́dọ̀ télọ̀ àdúgbò wa. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ìyá Kúdí ní ká máa fi yín sádùúrà nítorí ọ̀rọ̀ bàbá àwọn ọmọ yín."

Mo gbà lọ́kàn mi pé ìyá tó bí mi ti dà mí. Èmi tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n bèèrè kí wọ́n tó dáhùn, n kò bi í léèrè ohunkóhun.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àgbàrá òjò gbá àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà wa lọ. Mo pe birikilà kan, Múfútáù, pé kó fi bíríkì mọ tuntun. Ó to bíríkì méjì léra sílẹ̀, ó ní kí ìyá mi gùn ún. Ó gùn ún wẹ́rẹ́. Múfútáù fi ẹyọ kan kún un, ìyá mi sì di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ń mí hẹlẹ.

"Méjì ló mọ ẹsẹ̀ mi," ó ní. "Ẹ̀kẹta yẹn, ẹ gbé e fún Tíṣà. Orúnkún tirẹ̀ ṣì ń jó."

Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè mí, ìyá mi náà. A jọ rẹ́rìn-ín. Múfútáù fi ṣọ́ọ̀kì sàmì ìwọ̀n bíríkì méjì náà sára ògiri.

Àbúrò mi ọkùnrin mú ìyá wa lọ sí ilé rẹ̀ ní Àpáta títí sìmẹ́ńtì yóò fi gbẹ. Bí wọ́n ṣe lọ tán, mo ní kí Múfútáù dín ìpele àtẹ̀gùn náà kù, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní bíríkì mẹ́ta.

"Ó máa ga fún màmá o, mà."

Mo ní àgbàrá ni mo ń sá fún. Mo fi aṣọ tútù nu àmì ara ògiri náà kúrò.

Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí pé mo ṣe é láti dáàbò bo ìyá mi lọ́wọ́ ọ̀kadà. Rárá, ẹ jẹ́ kí n tún un kọ. Mo ṣe é kó má baà lè dé ọ̀dọ̀ Ìyá Kúdí mọ́.

Nígbà tó dé, àbúrò mi ló gbé e gun òkè. Ní ọjọ́ Àìkú, ó wọ ìbòrí funfun rẹ̀, ó dúró lókè àtẹ̀gùn. Ó na ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó fà á padà. Ó na ìkejì, ó fà á padà. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀ ní pálọ̀.

"Tíṣà, ojú mi ni wọ́n ṣe wọn ẹsẹ̀ mi, àbí? Ìwọ̀n ẹsẹ̀ mi ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ẹsẹ̀ mi ló dà mí."

Mo ní, "Ọjọ́ orí ni, Màámi."

Ẹ jọ̀ọ́, gbólóhùn yẹn ló ń dùn mí jù.

Àbúrò mi fẹ́ máa pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀, ó kọ̀, ó ní òun kì í ṣe ẹrù. Wọn kì í lo fóònù, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó rán mi sí Ìyá Kúdí pé ẹsẹ̀ òun ti kọṣẹ́. Mo ní mo ti jẹ́ ẹ. N kò jẹ́ ẹ. Nígbà tí àwọn obìnrin àsálátù wá kí i, ojú tì í láti sọ bó ṣe rí, ó sì ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Wọ́n padà lọ sọ pé ara rẹ̀ le.

Inú ilé yẹn ló wà títí ó fi kú. Níbi ìsìnkú, Àáfà ní kí ẹnikẹ́ni tí olóògbé bá ṣẹ̀ foríjì í. Gbogbo wa ní a ti foríjì í. Ìyá Kúdí nìkan ni kò la ẹnu. Àwọn obìnrin àsálátù rí i, èmi náà rí i.

Lóṣù tó kọjá, mo gbọ́ pé ara Ìyá Kúdí kò yá, mo sì lọ kí i. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Mo ti múra lọ́jọ́ tí ìyá rẹ kò wá fà mí lọ́wọ́ mọ́, Tíṣà. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi ṣe àsálátù tán. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún múra. Wọ́n ní ara rẹ̀ le, pé ẹ̀rín ló ń rín. Ìyá rẹ dà mí. N kò tíì foríjì í."

Mo fẹ́ gbèjà ara mi. Mo ní, "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń sọ ọ̀rọ̀ ilé mi kiri, mà?"

"Ilé rẹ? Ọkọ rẹ fúnra rẹ̀ ló wá dágbére fún mi, tó ní òun ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, kí n máa fi ẹ̀yin ará ilé òun sádùúrà. Mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ìyá rẹ lẹ́ẹ̀kan. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun."

Mo dìde, mo lọ sílé, mo sì jókòó sórí àtẹ̀gùn náà.

Mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ sọ fún Ìyá Kúdí, nítorí ìyá mi ló ń jẹ gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni èyí: ṣé kí n sọ ọ́ fún un nínú yàrá rẹ̀ ni, àbí kí n fà á lọ́wọ́ lọ sí àsálátù, kí n sọ ọ́ lójú àwọn tó rí i pé kò la ẹnu níbi òkú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́ kí ẹ tó dá mi lóhùn. Ara rẹ̀ kò le.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní ìyá nílé, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ níta tó dùn yín, ẹ wọlé, ẹ jókòó tì í, ẹ bi í. Inú pálọ̀ mi níbẹ̀ ni ìyá mi wà ní gbogbo ìgbà yẹn. Ìbéèrè kan péré ni.